Ìyẹ́ Iná Mẹ́ta fún Ẹsẹ̀ Sùúrù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà

Wọ́n gé sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi di egungun kúrò lẹ́sẹ̀ Sùúrù lónìí. Ẹsẹ̀ náà ti rù, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, bí ẹni pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ni ín. Mo sọ fún un pé ó jọ ẹsẹ̀ adìyẹ tí ara rẹ̀ ò yá. Ìyá rẹ̀ ní kí n lọ jókòó síta. Mo lọ jókòó síta, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ.

Ẹ̀yìn fèrèsé ni mo ti gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì wí: egungun ti so, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí kò bá rìn, orúnkún á gan, ó sì lè má na ẹsẹ̀ yẹn tán mọ́ láéláé. Sùúrù ń dáhùn, "Ẹ ṣé, mà. Mo gbọ́, mà," bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí. Bí nọ́ọ̀sì ṣe jáde báyìí, ó yíjú sí ògiri, ó mú fóònù.

Òjò láti àárọ̀. Fáníìṣì ò gbẹ lára àga kankan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Sùúrù ò rìn.

Ọ̀gá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ló sọ ọ́ ní Sùúrù nígbà tó kọ́kọ́ wá bá wa kan páànù, nítorí pé ó máa ń gé páànù tán kó tó wọ̀n ọ́n. Mo ní, "Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, sà. Ó ní òun ń rọra."

Ọ̀gá ní, "Orúkọ ń ro ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí a ò bẹ̀ ẹ́ ni tiẹ̀ wá rò ó."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Ìjà. Mo yà lọ́dọ̀ Sùúrù lẹ́yìn iṣẹ́. Ó na ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ó ń ṣe géèmù.

"O rìn lónìí?"

"Mo rìn dáadáa. Mo gun òkè méjì, mo la odò kan kọjá."

"Mi ò bi ọ́ léèrè inú géèmù."

"Inú géèmù lèmi fi ń dá ọ lóhùn."

Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbá irun mi mú. Ìyá rẹ̀ wọlé bá wa bẹ́ẹ̀, ó ní ọmọ ọdún mélòó gan-an la jẹ́.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde, Sùúrù wí jẹ́jẹ́: "Bí mo bá ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀ yìí kalẹ̀ báyìí, mo máa ń gbọ́ ọ. Kàà! Bó ṣe dún lọ́jọ́ tí mo jábọ́ lórí òrùlé tí mò ń kan páànù sí."

Mo ní èmi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹsẹ̀ tìẹ kọ́."

Mo dá fóònù rẹ̀ padà fún un, mo mú tèmi jáde, a jọ ṣe géèmù. Nínú géèmù náà, Ẹyẹ Iná ti dé orí òkè. Yóò wà níbẹ̀ títí di òpin oṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìyẹn yóò fò lọ. Ẹni tó bá pa á lè bá ìyẹ́ iná kan nílẹ̀, bí orí bá bá a ṣe é. Bí ó bá sì pa á tán, ẹyẹ náà á tún jí, kí ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹ́ mẹ́ta ni alágbẹ̀dẹ fi ń rọ Bàtà Iná, èyí tí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á máa fo àfonífojì bí ẹni fo gọ́tà. Sùúrù ni alágbẹ̀dẹ nínú àwa méjèèjì. Òòlù ló ní, ẹyẹ ò sì bẹ̀rù òòlù. Èmi ni tafàtafà.

Mo ní, "Bí mo bá rí ìyẹ́ yẹn fún ẹ, ṣé wàá rìn?"

Ó rò ó. "Ìyẹ́ kan, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ìyẹ́ kejì, mo rìn dé ìdí kànga. Ìyẹ́ kẹta, mo rìn dé ṣọ́ọ̀bù yín."

"O búra?"

"Mo búra."

Ìyá rẹ̀ ti tún wọlé, ó ń ká aṣọ. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹsẹ̀ ènìyàn lẹ fi ń ta tẹ́tẹ́ yẹn o."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Mo máa rí i lọ́la."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Mi ò rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Eérú. Bí mo ṣe ń pa ẹyẹ yìí tó lọ́sẹ̀ yìí, eérú ló ń jù sílẹ̀ fún mi. Lẹ́ẹ̀kan, egungun ẹja ló jù sílẹ̀. Níbo ni ẹyẹ ti rí ẹja lórí òkè tó ń jó? Àpò mi nínú géèmù ti kún fún eérú, mi ò sì lè dà á nù. Ẹni tó bá jìyà nítorí nǹkan tó báyẹn kì í fẹ́ dà á nù.

Ìṣó ti gbówó lórí. Dátà náà. Owó tí mo fi ra dátà lọ́sẹ̀ yìí ìbá ra búrẹ́dì tí mo máa jẹ dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo pe Sùúrù, mo ní àwọn tó ṣe géèmù yìí ò láàánú.

Ó ní, "Bó ṣe ṣọ̀wọ́n yẹn ló fi níyì. Bó bá wà nílẹ̀ bí iyanrìn, ta ló máa kà á sí?"

"Omi ò ṣọ̀wọ́n. Má mu omi títí di ọjọ́ Ajé, kí o wá sọ fún mi bóyá ó níyì."

"Ìwọ ò mọ adùn nǹkan."

"Adùn wo ló wà nínú eérú?"

"Ẹ̀yìn ni adùn ń bọ̀."

"Ẹsẹ̀ ẹ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn lòun náà ń bọ̀?"

Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìjì. Páànù ṣọ́ọ̀bù ti lu, ẹni tó yẹ kó sì tún un ṣe ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Bí omi ṣe kán àkọ́kán, ọ̀gá ké, "Pákó mi!"

Gbogbo wa mọ pákó tó ń wí. Pákó dúdú tó wé sínú kúbùsù lẹ́yìn bẹ́ǹṣì ńlá, tó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, tó sì ti wà níbẹ̀ kí ẹni tó ṣáájú mi tó dé. Ọdún tí ọ̀gá gba òmìnira iṣẹ́ ló rà á. Oníbàárà ti bẹ̀bẹ̀ títí. Ẹnì kan fẹ́ fi ṣe férémù ilẹ̀kùn, ẹnì kan fẹ́ fi ṣe tábìlì. Èsì kan náà ni: "Iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ ò tíì dé."

A gbé pákó lọ síbi tó gbẹ. Nígbà tí a fi máa yíjú padà, àga oníbàárà ti mu omi yó.

Mo ní, "Ẹ jọ Sùúrù, sà."

"Lọ́nà wo?"

"Gbogbo ohun tó dára nínú géèmù ló ń kó pamọ́. Kò lo ọ̀kan rí. Ó lè máa kú lọ kí oògùn ìyè máa bẹ lápò rẹ̀, á ní òun ń fi í pamọ́."

Ọ̀gá ní kí n gbá omi síta. Mo gbá omi síta.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

MO RÍ I!

Ìsinmi ọ̀sán, èmi àti búrẹ́dì mi. Ẹyẹ ṣubú, nǹkan pupa kan sì wà nílẹ̀. Mo ké. Òòlù bọ́ lórí bẹ́ǹṣì sórí tábìlì oníbàárà, ó dá àpá sí i lára. Ọ̀gá sáré dé pẹ̀lú igi lọ́wọ́, ó ní irú igbe báyẹn, òun rò pé ejò ni.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo tì í pa, bí Sùúrù ṣe kọ́ mi: ohun tí o bá fẹ́ràn nínú àpò géèmù, fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tì í, kí ọwọ́ má baà ṣèèṣì tà á. Ohun kan ṣoṣo tó kọ́ mi nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n.

Mo lọ sílé wọn lẹ́yìn iṣẹ́. Mo ní, "Dìde."

Kò ju bẹ́ẹ̀dì sí ẹnu ọ̀nà lọ, òógùn sì ti bo ojú rẹ̀. Ó di èjìká mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo ti ń pè é ní ọ̀lẹ láti ọjọ́ yìí. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ló ń bà á, bí ẹ̀rù ṣe máa ń ba ọmọ kékeré. Ó fọwọ́ kan férémù ilẹ̀kùn, ó dúró, ó dẹ etí.

"Kò dún," ló wí.

Ìgbà tó jókòó tán ló bi mí bí ìyẹ́ náà ṣe rí. Ṣé ó ń tàn? Ṣé iná ń jó létí rẹ̀? Mo ní mi ò wò ó dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ẹnu ọ̀nà náà ló ń lọ, ẹnu ọ̀nà náà ló ń bọ̀. Ó ní àdéhùn ni àdéhùn. Eérú lèmi náà ń rí.

Ìyá rẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, kí ló dé tí o ò kúkú sọ fún un pé o ti rí ìyẹ́ kejì?"

"Á ní kí n fi hàn òun, mà. Irọ́ ò sì bá mi lára mu. Etí mi máa ń pọ́n."

Ó wo etí mi. Ó mí kanlẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti wọlé, kí n tó kí i tán, á ní, "Ẹyẹ yẹn ńkọ́?" bí ẹni tó ń béèrè àna rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí kò tọ́, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tọ́.

Mo wà nílé wọn, mo ń bá ẹyẹ jà. Ìtọ̀ gbọ̀n mí. Mo gbé fóònù fún ìyá Sùúrù. "Ẹ bá mi dì í mú, mà. Ẹ má tẹ nǹkan kan."

Nígbà tí mo dé, ó ní, "Mo tẹ̀ ẹ́ o."

"Kí lẹ tẹ̀?"

"Ibi tó ń pọ́n yẹn. Ẹyẹ yẹn ń ranjú mọ́ mi."

Mo gba fóònù. Ẹyẹ ti kú.

Ó nàka sí i. "Èyí tó ń tàn nílẹ̀ yìí ńkọ́? Ṣé òun lẹ ń wá?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni mo ti ń jẹ eérú ẹyẹ yìí, aṣọ ni màmá yìí ń ká! Sùúrù rẹ́rìn-ín títí tó fi ń lu ìrọ̀rí. Ìyá rẹ̀ ní, "Ohun tó rọrùn báyìí lẹ ń pariwo lé lórí? Ẹ máa fi pẹ̀lẹ́ tẹ̀ ẹ́."

Bí ẹni tó làágùn bá gba eérú, tí ẹni tó ń kọjá lọ gba ìyẹ́, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní èrè níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó ń sọ pé nǹkan ọ̀wọ́n ló ń dùn kó wá bá mi sọ ọ́ lójúkojú.

Ṣùgbọ́n Sùúrù rìn dé ìdí kànga. Ìyá rẹ̀ ń gbé àga tẹ̀lé e lẹ́yìn bóyá á fẹ́ jókòó. Kò jókòó. Nítorí náà, mi ò lè bínú tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje oṣù Keje

Nọ́ọ̀sì wá. Ó gbìyànjú láti ká orúnkún rẹ̀, Sùúrù ké. Nọ́ọ̀sì fajú ro. "Ìdí kànga nìkan ló ń rìn dé títí di òní? Kí ló ń dá a dúró?"

Ìyá Sùúrù ní, "Ẹyẹ ni, mà."

Nọ́ọ̀sì wò ó. Ó wò mí. Mo ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹyẹ, eérú, egungun ẹja àti gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bí oṣù yìí bá parí tí kò rìn ju báyìí lọ, títiro ló máa tiro dọjọ́ alẹ́. Ẹ sọ fún ẹyẹ yín."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Òun nìkan ni ẹyẹ tó ní ìyẹ́ yẹn ni?"

"Òun nìkan, mà."

"Ìyà dé."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Eérú. Mo ní kí ìyá Sùúrù tún bá mi tẹ̀ ẹ́. Òun náà rí eérú. Ó ní fóònù mi ló bàjẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ eléyìí.

Ìsinmi ọ̀sán. Mo pa ẹyẹ, ìyẹ́ kẹta wà nílẹ̀. Mo wò ó dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń tàn lóòótọ́. Mo pe Sùúrù, mo ní, "Wá bàtà ẹ!" Ó ké, ìyá rẹ̀ ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní lọ́la lòun ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa, òun ti búra, òun ò ní yẹ̀ ẹ́.

Inú mi dùn débi pé mo ní kí n tún àpò mi ṣe kí n tó kó ìyẹ́ fún un. Mo gbé eérú lọ bá oníṣòwò inú géèmù. Ibì kan wà níbẹ̀ tí ènìyàn ń tẹ̀, á ra gbogbo ohun tó wà lápò lẹ́ẹ̀kan náà, àfi èyí tí a bá tì. Mo tẹ̀ ẹ́. Eérú lọ. Egungun ẹja lọ. Ìyẹ́ méjì tí mo ti tì wà níbẹ̀, wọ́n ń wò mí.

Ìdùnnú ò jẹ́ kí n ti ẹ̀kẹta.

Oníṣòwò yẹn kì í dá ọjà padà. Ó fún mi lówó idẹ díẹ̀, ó ní kí n tún padà wá.

Ọ̀gá rí ojú mi, ó ní kí n wí. Mo wí. Ó ní, "Má sọ fún un lónìí. Jẹ́ kó rìn wá lọ́la ná, kí o tó sọ." Ọgbọ́n ni. Mo mọ̀ pé ọgbọ́n ni. Mo pe Sùúrù.

"Mo ti tà á."

"Kí lo tà?"

"Ìyẹ́."

"O ò tì í."

"Mi ò tì í."

Fóònù pa.

Ọ̀gá ní, "Olóòótọ́ ọkùnrin. O ti fi òótọ́ ẹ ṣá ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ lọ́gbẹ́." Mo mú ayùn, mò ń gé pákó, mi ò rí ìlà.

Ohùn rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́ láti ojú pópó. "Níbo ló wà? Níbo ni ọlọ́pọlọ gbígbẹ yẹn wà?"

Sùúrù ni. Ó fi igi ìnulẹ̀ ìyá rẹ̀ há abíyá, ó dorí rẹ̀ kodò, àkísà ìnulẹ̀ ń kán omi sí i léjìká. Ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, ẹsẹ̀ kejì wà lófo. Ìyá rẹ̀ ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, bàtà kejì lọ́wọ́.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo kọ́ ẹ! Kan ṣoṣo! Tì í!"

"Mo jẹ̀bi."

"O ò gbọdọ̀ jẹ̀bi! Bá mi jà!"

"Mi ò ní bá ẹ jà."

"Láti kékeré lo ti ń bá gbogbo ayé jà, ọjọ́ tí mo wá gba ìjà lo wá di ẹni jẹ́jẹ́?"

Ọ̀gá ní, "Sùúrù."

"Sà!"

"Kí lo wọ̀ débí?"

Sùúrù la ẹnu láti dáhùn. Ó wo ojú pópó tó tọ̀ wá. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó tún là á.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ gbọ́ o. Eléyìí ò sí nínú àdéhùn. Kò sí ìyẹ́, a ò ka eléyìí."

Lẹ́yìn náà, a gbé e jókòó sórí àga oníbàárà tí òjò pa lọ́jọ́sí. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó wọ bàtà kejì sí i lẹ́sẹ̀. Ó ń fi etí ìró nu ojú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọ̀gá tètè dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Igi ìnulẹ̀ lọmọ yẹn fi rìn." Ó lọ sẹ́yìn bẹ́ǹṣì ńlá, ó gbé pákó dúdú jáde, ó tú kúbùsù.

Pákó ti sán. Láti orí dé ìdí, ojú sísán náà gba ìka mi. Ooru ọdún yìí, ọ̀rinrin ọdún yẹn, nínú kúbùsù, láìsí ẹni tó wò ó. Ọ̀gá fọwọ́ tọ ọ́ títí dé etí kejì, ó rí ibi tínínrín kan tó ṣì gún régé.

Mo ní, "Ó ku ti ọ̀pá, sà."

"Ó ku ti ọ̀pá." Mo rò pé á bínú. Ẹ̀rín ló bú u. "Gbogbo oníbàárà tí mo lé! Lọ wọn ọ̀rẹ́ ẹ wá, ká mọ bó ṣe ga tó. Iṣẹ́ tó yẹ ẹ́ ti dé. Wọ̀n ọ́n dáadáa o, àwa kì í ṣe Sùúrù."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

A gbé ọ̀pá lọ fún un. Ó dúdú, ó ń dán, orí rẹ̀ bá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mu bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti hù. Sùúrù gbé e sórí itan. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó dúpẹ́.

Nígbà tí ọ̀gá jáde, Sùúrù bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Báwo ni wọ́n ṣe ń ti eléyìí?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Nọ́ọ̀sì béèrè ọ̀pá.

"Ó wà lára ògiri, mà."

"Kí ló ń ṣe lára ògiri?"

"Ẹrẹ̀ pọ̀ níta, mà. Ìdí rẹ̀ á họ."

"Ìwọ wá ń rìn lọ sí ìdí kànga báwo?"

"Mo ń rọra lọ bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo tún ń lọ dé ìkóríta."

Nọ́ọ̀sì wo ọ̀pá lórí ìṣó. Ó wo orúnkún. Ó ká a, Sùúrù ò ké. Ó ní, "Ọ̀pá tó dára ni. Má jẹ́ kó họ o."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ẹyẹ Iná fò lọ. Mo bá a jà títí tí òkè fi ṣófo. Eérú. Ìyẹ́ méjì ló kù sí wa lọ́wọ́, méjì ò sì lè di bàtà.

Sùúrù ní kí n tọ́jú wọn, ó ní bóyá ẹyẹ á tún dé lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní, "Jẹ́wọ́ báyìí, ó dùn àbí kò dùn?"

Mo ní ìyẹ́ yẹn ò dùn mọ́ mi rí, àkọ́kọ́, èkejì àti ẹ̀kẹta. Ìyà lásán ni, ẹni tó ṣe é sì mọ̀ pé ìyà ni. Ó ní ṣé mi ò ní bá òun ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀ nìyẹn?

Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

Mo ti ti méjèèjì. Mo ti eérú náà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ

Òjò bẹ́ sílẹ̀ lójijì lọ́sàn-án. Èmi àti ọ̀gá ń fa àga kúrò níta nígbà tí a rí Sùúrù tó yọ ní ìkóríta. Ó fẹ́ wá wo ibi tí páànù ṣọ́ọ̀bù ti ń jò. Òun ò ní gun nǹkan kan o, ló wí nígbà tó wọlé, òun kàn fẹ́ dúró nílẹ̀ kí òun wọ̀n ọ́n. Omi ń ṣàn láti orí rẹ̀ dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Ọ̀pá ẹ dà?"

"Nínú òjò yìí, sà? Ṣé ẹ fẹ́ kó bàjẹ́ ni?"

Ọ̀gá wò mí. Mo wo ọ̀gá. Ọ̀gá mú tépù, ó nà án sí i, ó ní kó wá máa wọ̀n ọ́n.

Sáré ni Sùúrù sáré wá. Láti ìkóríta dé ẹnu ilẹ̀kùn wa, ó sáré, ó ń fo ọ̀gbàrà, kò sì mọ̀.

Mi ò sọ fún un.